ADÁJỌ́ FRANK CAPRIO: ỌMỌ ELÉSO TÓ DI ADÁJỌ́ ALÁÀÁNÚ

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìtàn tá a mú wá lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ ti adájọ́ kan tí ọ̀pọ̀ wa ti rí lórí fóònù àwọn ọmọ wa: bàbá onírun funfun tó máa ń fara balẹ̀ bi arúfin pé kí ló dé.

Ìlú Providence, ní ìpínlẹ̀ Rhode Island lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí Frank Caprio lọ́jọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 1936. Ọmọ ọjà bíi tiwa ni. Antonio bàbá rẹ̀ ṣí wá láti ilẹ̀ Ítálì, ó ń ti ọmọlanke èso kiri, ó sì tún ń gbé wàrà lọ fún àwọn oníbàárà nílé. Tẹ́nì kan ò bá rówó wàrà san, bàbá yìí kì í jẹ́ kí wàrà ọmọ wọn dá; àpò ara rẹ̀ ló fi ń san án. Frank náà fọ abọ́, ó dán bàtà fáwọn èèyàn nígbà tó wà lọ́mọdé.

Ó gboyè ní Providence College lọ́dún 1958. Lọ́sàn-án ó ń ṣe tíṣà, lálẹ́ ó ń kọ́ṣẹ́ òfin ní Suffolk, nílùú Boston, títí ó fi parí lọ́dún 1965. Ó wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú láti 1962 sí 1968. Lọ́dún 1970 ó du ipò agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀, kò wọlé. Ọdún 1985 ló di adájọ́ kóòtù ìlú. Ẹjọ́ apànìyàn kọ́ ni wọ́n ń dá níbẹ̀ o. Ẹjọ́ ẹni tó gbé mọ́tò síbi tí kò yẹ àti ẹni tó já iná pupa ló pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bàbá rẹ̀ wá jókòó sí kóòtù. Obìnrin kan tó jẹ owó ìtanràn rẹpẹtẹ sọ̀rọ̀ gán-ín-gán-ín, adájọ́ tuntun sì ní kó san gbogbo ẹ̀. Inú bàbá ò dùn. Ó ní ẹ̀rù ló ń ba obìnrin náà, ó sì lọ́mọ tó ń bọ́. Caprio ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn mọ́.

Àbúrò rẹ̀ Joe ló ń ya ìgbẹ́jọ́ náà fún tẹlifíṣàn. Láti 2017 ló ti wá kárí ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹjọ́ bàbá ẹni ọdún 96 kan ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ jù: ó sáré jù níwájú ilé ìwé, àṣé ọmọ rẹ̀ ẹni ọdún 63 tó ní àrùn jẹjẹrẹ ló ń gbé lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Caprio tú ẹjọ́ náà ká.

Kì í kúkú ṣe gbogbo èèyàn ló ń dárí jì. Àwọn kan san, ó bá àwọn mìíràn dín in kù. Fún aláìní, owó tí àwọn òǹwòran fi ránṣẹ́ wà nínú àpò kan tí wọ́n fi orúkọ ìyá rẹ̀, Filomena, pè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá wọn san án.

Ó fẹ̀yìn tì lọ́dún 2023. Àrùn jẹjẹrẹ inú àmọ́ pa á lọ́jọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 2025, lẹ́ni ọdún 88.

Ẹ̀yin ìyá wa, ibi tọ́rọ̀ kàn wá nìyí. Owó ẹ̀yáwó wa, òógùn ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn ni, a ò lè pa á rẹ́. Àmọ́ ká tó lọ gbẹ́sẹ̀ lé ọjà ẹni tó jẹ gbèsè, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi í pé kí ló dé: ṣé ọmọ ń ṣàìsàn ni, àbí ọjà ló jóná? Àánú náà ń ná owó, ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ san án. Bàbá eléso san án látinú àpò ara rẹ̀. Àwa náà lè ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ wa ò ní tú o.