Ọ̀pá wúrà

Ọ̀pá wúrà, tí àwọn mìíràn ń pè ní dìndì wúrà, jẹ́ wúrà tí a ti yọ́ mọ́, tí a sì sọ di búlọ́ọ̀kù tàbí pẹlẹbẹ oníwọ̀n kan pàtó. Àwọn báǹkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè ń kó o pamọ́, àwọn aládàáni náà sì ń rà á fún ìdókòòwò. Ó yàtọ̀ sí wúrà ọ̀ṣọ́, tí wọ́n sábà máa ń po bàbà tàbí fàdákà mọ́ kí ó lè le.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Wúrà tó ń ti ibi ìwakùsà jáde kì í ṣe ògidì. Ní Segilola ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ da wúrà ní ọdún 2021, doré ni wọ́n ń rí, ìyẹn wúrà tí fàdákà àti àwọn irin mìíràn ṣì wà nínú rẹ̀. Ilé ìfọ̀mọ́ ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀. Wúrà a máa yọ́ ní 1,064 °C. Ní ọ̀nà Miller, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ọsirélíà ní ọdún 1867, wọ́n ń fẹ́ klorínì sínú wúrà yíyọ́. Klorínì yóò so mọ́ àwọn irin yòókù, wọn yóò sì léfòó sójú rẹ̀ tàbí kí wọ́n bá èéfín lọ. Èyí ń mú wúrà dé nǹkan bíi 99.5%. Ẹni tó bá ń fẹ́ 99.99% yóò fi ọ̀nà Wohlwill kún un, èyí tó ń lo iná mànàmáná nínú omi kẹ́míkà.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n lè da wúrà náà sínú abọ́ irin kí ó dì, tàbí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, kí wọ́n gé e, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i. Èyí tí a dà kì í dán tó èyí tí a gé, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ rẹ̀ kéré.

Yíyàn fún ìdókòòwò

Ọ̀pá ńlá tí ọjà Lọ́ńdọ̀nù ń gbà gbọ́dọ̀ wọn láàrin 350 sí 430 áúnsì troy (áúnsì kan jẹ́ gíráàmù 31.1), ó kéré tán 995 nínú 1,000 rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ wúrà. Òǹtẹ̀ ilé ìfọ̀mọ́, nọ́ńbà ìdánimọ̀, ìwọ̀n ìjẹ́-ògidì àti ọdún tí wọ́n ṣe é gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Ọ̀pá tí aládàáni ń rà sábà máa ń wà láàrin gíráàmù 1 sí kílógíráàmù 1. Bí a bá fi gíráàmù ṣírò ó, ọ̀pá kékeré ló wọ́n jù, nítorí pé iṣẹ́ ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù sí ti ńlá.

Ayédèrú wà lára àwọn ewu tó wà níbẹ̀. Tungsten wúwo tó 19.25 gíráàmù nínú sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta kan, wúrà sì jẹ́ 19.32, nítorí náà òṣùwọ̀n lásán kò lè tú àṣírí tungsten tí wọ́n fi wúrà bò. Ẹ̀rọ ultrasound lè tú u, torí pé ìró ń yára nínú tungsten ju nínú wúrà lọ.

Orísun wúrà náà ṣe pàtàkì. Ní Zamfara ní ọdún 2010, òjé tó wà nínú òkúta wúrà tí àwọn ará abúlé ń lọ̀ nílé pa ó kéré tán 400 ọmọdé. Láti ọdún 2012 ni LBMA, ẹgbẹ́ ọjà wúrà Lọ́ńdọ̀nù, ti ń béèrè ẹ̀rí orísun lọ́wọ́ àwọn ilé ìfọ̀mọ́ tó fọwọ́ sí. Ẹ̀rí náà wà nínú ìwé wọn, kò sí lára ọ̀pá: nígbà tí wúrà ibi púpọ̀ bá ti yọ́ pọ̀, òǹtẹ̀ kò lè sọ ìlú tí ìkọ̀ọ̀kan ti wá.