Dì Í, Má Lù Ú: Ìtàn Ẹrù Orí Òpó, láti Ayé Asọ̀rọ̀mágbèsì dé Onípánù Òde Òní

Gbogbo wa la mọ òpó ojú pópó, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba lára wa ló ti bèèrè rí bí ẹrù tó wà lórí rẹ̀ ṣe dúró síbẹ̀. Ní Ikorodu Road, láti Palmgrove dé Onípánù títí lọ dé Fadeyi, òpó kan ṣoṣo lè gbé iná títì, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì àti pátákó ìpolówó ọjà pọ̀. Òmíràn wà tí wọ́n fi dírílì lu ihò sí lára kí wọ́n tó fi bóòtì de ẹrù mọ́ ọn. Òmíràn wà tí wẹ́dà jó irin mọ́ lára. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ọ̀já irin ni wọ́n fi yí i ká, tí wọ́n sì fún un le. Àwọn ẹnjinníà lè pe ọ̀rọ̀ yìí ní iṣẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n ó ní ìtàn. Bí òpó ṣe ń kúrò lọ́wọ́ olówó kan bọ́ sọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ni dídì ṣe ń di dandan. Ẹni tó bá ṣì ń lu ihò sára òpó lónìí, owó ẹlòmíràn ló ń ná. Nígbà mìíràn, ẹ̀mí ẹlòmíràn ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Kí òpó iná tó dé ilẹ̀ wa ni àwọn baba wa ti mọ bí a ṣe ń rọ̀ mọ́ ohun tó rí roboto láì ṣe é léṣe. Igbà ni adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Á fi yí igi ọ̀pẹ àti ẹ̀yìn ara rẹ̀ ká, á fara tì sẹ́yìn, á sì fẹsẹ̀ ti igi náà. Bí ó bá ṣe ń fara tì tó ni igbà náà ń mú ọ̀pẹ le tó. Bí ó bá fẹ́ gòkè, á dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, á jù ú sókè, á tún fara tì. Kì í kan ìṣó mọ́ ọ̀pẹ kó tó gùn ún, nítorí ọ̀pẹ tó gùn lónìí náà ló máa gùn lọ́la. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀já tí ìyá fi ń pọnmọ: yíyí ká àti fífún le ló gbé ọmọ dúró. Orúkọ Palmgrove tó múlé gbe Onípánù pàápàá, igbó ọ̀pẹ ló túmọ̀ sí.

Wáyà ló kọ́kọ́ mú òpó ìjọba wá. Ní 1886 ni okùn wáyà abẹ́ òkun so Lagos mọ́ London. Kí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún tó parí, iná mànàmáná ti ń tàn ní Marina. Ní 1935, Posts and Telegraphs, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ìwé àti wáyà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ètò rédíò wọ inú ilé ní Lagos. Àpótí kékeré kan ni wọ́n máa ń gbé kọ́ ara ògiri, òun ni àwọn èèyàn wa ń pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, ẹ ò lè dá a lóhùn. Wáyà tó bá sì máa dé ilé gbọ́dọ̀ gba orí òpó kọjá. Báyìí ni òpó bẹ̀rẹ̀ sí í ní ju iṣẹ́ kan lọ.

Ṣùgbọ́n olówó òpó kò tíì pọ̀. Ìjọba kan náà ló ni wáyà, tẹlifóònù, rédíò àti iná. Nígbà tí òfin dá Electricity Corporation of Nigeria, ECN, sílẹ̀ ní 1950, tí òun àti Niger Dams Authority sì di NEPA ní 1972, ọwọ́ ìjọba náà ni iná ṣì wà. Bí òṣìṣẹ́ kan bá lu òpó níhò, ara òpó ọ̀gá rẹ̀ ló dá ọgbẹ́ sí, ọ̀gá náà ni yóò sì pààrọ̀ òpó ọ̀hún bó bá yá. Ọ̀pọ̀ òpó ìgbà náà jẹ́ igi tí wọ́n ti fi oògùn pa kí ikán àti ọ̀rinrin má bàa jẹ ẹ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ máa ń lu ihò rẹ̀ kí wọ́n tó fi oògùn pa á, nítorí ihò tí a bá lù lẹ́yìn náà máa ń ṣí àárín igi tí oògùn kò dé sílẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́.

Òpó irin náà ní aláǹgbá tirẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá tó máa gbọ́ Onípánù kó má rántí páànù orí ilé. Páànù àti òpó irin ojú títì, ọmọ ìyá ni wọ́n: síǹkì tí a fi bo irin ni kì í jẹ́ kí wọ́n tètè dípẹtà. Ní 1837 ni Stanislas Sorel, ẹnjinníà ará Faransé, gba ìwé àṣẹ fún ọ̀nà tí a fi ń ri irin bọ inú síǹkì yíyọ́. Síǹkì náà máa ń gbóná tó bí 450°C. Bí wẹ́dà bá wá fẹ́ jó irin mọ́ ara òpó, iná rẹ̀ gbóná ju 907°C tí síǹkì fi ń hó lọ dáadáa. Síǹkì ibẹ̀ á di èéfín, èéfín ọ̀hún á fún wẹ́dà ní ibà, ojú irin á sì wà ní ìhòòhò. Dírílì náà ń bó aṣọ yìí. Síǹkì tó kù lè dáàbò bo ojú ìfà kékeré, ṣùgbọ́n kò lè dí ihò tí òjò ń gbà wọ inú òpó. Inú òpó ṣófo. Omi tó bá wọ ibẹ̀ máa ń ṣàn lọ sí ìdí, ìpẹtà á sì máa jẹ ẹ́ láti inú níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó. Ẹ sì rántí pé létí ọ̀sà ni Bariga wà: ọ̀rinrin kò wọ́n wa.

Ìpẹtà nìkan kọ́ o. Ní 1898, Ernst Gustav Kirsch, ará Jámánì, fi ìṣirò hàn pé bí a bá fa irin pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó ní ihò roboto kékeré, ìnira tó wà létí ihò náà máa ń tó ìlọ́po mẹ́ta ti ibi tó jìnnà sí i. Òpó tí ìjì ń tì síwá sẹ́yìn ń tẹ̀, ó ń nà, lẹ́ẹ̀kan àti lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ihò bá wà nísàlẹ̀ níbi tí títẹ̀ náà ti pọ̀ jù, etí ihò yẹn ni sísán máa ń gbà bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀já irin kò mú ìkankan nínú wàhálà wọ̀nyí wá. Ní 1921, Lumley Robinson, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti fẹ̀yìn tì, gba ìwé àṣẹ fún kílíìpù roboto kan tí a ń fi síkúrù fún le. Àwọn mẹkáníìkì wa ṣì ń fi irú rẹ̀ so rọ́bà omi mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ títí di òní. Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú ọ̀já irin ara òpó. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní ìfà inú ọ̀já jẹ́ 1,000 newton. Bí a bá ro gbogbo títẹ̀ tó ń tẹ òpó yíká pọ̀, 2π ìlọ́po ìfà náà ni, ìyẹn nǹkan bí 6,280 newton. Bí ìdiwọ́ tó wà láàárín irin méjèèjì bá jẹ́ 0.2 péré, ọ̀já kan yóò di ohun tó tó 125 kìlógíráàmù mú kó má yọ̀ wálẹ̀. Ọ̀já méjì ni wọ́n sì sábà máa ń lò, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí ẹrù má bàa máa mì. Igbà adẹ́mu náà ni, irin ló fi wọṣọ.

Ohun tó sọ ọ́ di dandan ni pé olówó òpó ti pọ̀. Ní oṣù kìíní 2001, Nàìjíríà ta àṣẹ GSM, 285 mílíọ̀nù dọ́là lọ́ọ̀kan. Máàsìtì bẹ̀rẹ̀ sí í hù láàárín ilé bí olú. Ní oṣù kọkànlá 2013, ìjọba fa pínpín iná lé ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, Ikeja Electric sì ni tiwa ní Shomolu bọ́ sí lọ́wọ́. Ní 2014, MTN Nàìjíríà fi máàsìtì tó lé ní 9,000 sábẹ́ àbójútó IHS, ilé-iṣẹ́ tó ń fi máàsìtì háyà. Látìgbà náà, ẹni tó ni máàsìtì lè yàtọ̀ sí ẹni tó ni ẹ̀rọ orí rẹ̀, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mẹ́ta sì lè wà lórí ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé ló dà. Ẹni tó bá ti gbé yàrá kan rí ní Shomolu mọ ohun tí onílé máa ń sọ nípa ìṣó lára ògiri. Ayálégbé á kó lọ, ihò á ṣẹ́kù. Ìdí nìyí tí a fi ń rí òrùka irin alápá méjì tàbí mẹ́ta lára máàsìtì roboto. Wọ́n á fi yí i ká, wọ́n á fi bóòtì fa apá wọ̀nyí mọ́ra, ẹ̀rọ á sì dúró lára òrùka náà. Bí àsìkò bá pé, wọ́n á tú u, máàsìtì á sì wà bí wọ́n ṣe bá a.

Dídì náà ní èèwọ̀. Bí a bá fún bóòtì ju bó ṣe yẹ lọ, òpó tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ á tẹ̀ wọ inú, ọgbẹ́ ni ìyẹn náà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń lo sípánà tó ń wọn bí a ṣe fún un le tó. Bí irin ọ̀já bá yàtọ̀ sí síǹkì ara òpó, ọ̀rinrin lè mú kí ọ̀kan jẹ èkejì, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tẹ́ rọ́bà sáàárín. Ọ̀já kò sì lè sọ òpó tí kò lágbára di alágbára. Pátákó fẹ̀, afẹ́fẹ́ ń tì í, ìdí òpó ló sì ń gba gbogbo rẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: iná lónìí, kámẹ́rà lọ́la, pátákó lọ́tùn-únla, títí ẹrù á fi ju òpó lọ láìsí ẹni tó ṣírò rẹ̀ pọ̀.

Èmi ò rò pé àìmọ̀ ló ń pa òpó wa. Dírílì yá ju ọ̀já lọ, ẹni tó lu ihò kì í sì í sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí òpó bá wó. Oníṣòwò tó ń pàtẹ sísàlẹ̀ rẹ̀ ló máa ń wà níbẹ̀, àti ọlọ́kadà, àti ọmọ tó ń ti ilé-ìwé bọ̀. Nígbà tí ìjọba kan ṣoṣo ni òpó, a lè sọ pé òun náà ni kó tún un ṣe. Lónìí, ẹnu ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni ìdáhùn wà, ohun tó bá sì jẹ́ ti gbogbo èèyàn kì í ní olùtọ́jú. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀ka ẹnjinníà, ẹ̀yin tí ẹ ti jáde tí ẹ ń buwọ́ lu ìwé iṣẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn fẹ́ gbé pátákó ẹgbẹ́ kọ́ sí ojú títì, ìbéèrè méjì péré ni kí a máa bèèrè kí ẹnikẹ́ni tó gun àkàbà: ta ló ni òpó yìí, báwo ni yóò sì ti rí lọ́jọ́ tí a bá tú ẹrù wa kúrò lára rẹ̀?