Ètè Léon Goossens: bí jàǹbá ṣe gba ohùn lẹ́nu afọnrin, tó sì tún gbà á padà

Ọ̀rọ̀ ètè ni mo gbé wá lónìí. Bẹ́ẹ̀ ni, ètè.

Wọ́n ń fọn oboe bíi fèrè, àmọ́ orí rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Awẹ́ ìféfé méjì tó fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi òwú dì pọ̀ síbẹ̀. Reed ni wọ́n ń pè é. Èémí á gba àárín wọn kọjá, wọ́n á máa gbọ̀n, ohùn á sì jáde. Algaita àwọn Háúsá náà ní irú ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọn algaita máa ń ki reed bọ ẹnu ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á wú bíi bọ́ọ̀lù. Ti oboe kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èèyàn á ká ètè bo eyín, á wá rọra fi di reed mú. Tó bá fún un jù, ohùn á há, á máa ké bíi pẹ́pẹ́yẹ. Tó bá dẹ̀ ẹ́ jù, ohùn á wálẹ̀.

Liverpool ni wọ́n bí Goossens sí ní 1897, nínú ìdílé olórin. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó gbọ́ ohùn Henri de Busscher, ọmọ Belgium kan tó ń fọn oboe ní London, ohùn náà sì wọ̀ ọ́ lára. Òun náà wá ń jẹ́ kí ohùn tiẹ̀ máa mì díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń kọrin. Vaughan Williams kọ concerto fún un ní 1944.

Ní 1962, jàǹbá ọkọ̀ ba eyín àti ètè rẹ̀ jẹ́. Bàbá náà ti tó ẹni ọdún 65! Ta ni kò ní sọ pé ó parí? Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì jókòó kọ́ bí ètè ṣe ń di reed mú lákọ̀tun, bí ọmọ iléèwé. Lójú tèmi, ohun méjì ló kù fún un: èémí, àti etí tó ṣì rántí ohùn tó ń wá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà fún àwọn tó ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ètè nìkan ni kó máa mójú tó.

Ó padà sórí ìtàgé, ó sì ń fọn ún títí tó fi lé lẹ́ni 80 ọdún. Ó kú ní 1988. Tẹ́ ẹ bá ní dátà, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ sórí YouTube, kí ẹ fi earpiece gbọ́ ọ.