Kí a tó pe katakata sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn bàbá wa

Ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù kà á. Kì í ṣe ìwàásù ọjọ́ Àìkú. Ìtàn ni, àmọ́ ó kan nǹkan kan tó wà nílẹ̀ fún wa ní Ìbà níbí.

Lóṣù tó kọjá, ìdílé kan wá bá wa pé àwọn fẹ́ fún ìjọ ní ilẹ̀. Inú wa dùn, a gbàdúrà fún wọn. Ìgbà tí a débẹ̀ la rí i pé ilẹ̀ ọ̀hún ò ṣófo. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá wọn àgbà ló wà lórí ẹ̀. Wọ́n ní ká wó o, ká fi ibẹ̀ kọ́ gbọ̀ngàn. Kí a tó délé, àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ wa ti ń béèrè iye tí wọ́n ń gba katakata.

Ẹ jẹ́ ká rántí bí irú ilé yẹn ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Láyé ogun, kò sí i. Lọ́dún 1878 tí wọ́n ja ogun Jálumi ní Ìkìrun, àwọn tó ń sá bẹ́ sínú odò Ọ̀tìn, omi gbé wọn lọ, òun ló fa orúkọ ogun náà. Ẹni tí ń sá kiri kì í kọ́ ilé alájà. Àwọn ọmọ ogun Kírìjì ò sì tú ká títí di 1893. Lẹ́yìn náà ni rélùwéè dé. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó wá gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà. Ọkọ̀ ojú irin yẹn ló ń kó páànù àti símẹ́ǹtì bọ̀ láti Èkó. Ká tó rí páànù, koríko àti ewé ni a fi ń bolé.

Bí ilé ọ̀hún ṣe rí ńkọ́? Ọ̀dọ̀ àwọn Àgùdà ni. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí wọ́n gba òmìnira, tí wọ́n padà sí Èkó, iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n mú bọ̀. Àwọn ni wọ́n mú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó la àárín ilé kọjá, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, òpó tí wọ́n fi símẹ́ǹtì ya òdòdó sí lára, fèrèsé onípákó. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní Èkó ní 1894, Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ló darí iṣẹ́ ẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Àwọn tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Kátólíìkì ló kọ́lé àdúrà fún Mùsùlùmí. Wọ́n kọ́ ọmọṣẹ́, àwọn ọmọṣẹ́ náà kọ́ ẹlòmíì, títí iṣẹ́ ọ̀hún fi wọlé wá sọ́dọ̀ wa.

Owó kòkó kọ́ òmíràn nínú wọn. Owó Gáánà kọ́ òmíràn. Ẹ̀yin àgbà á rántí 1969, tí ìjọba Gáánà ní kí àlejò tí ò níwèé máa lọ. Èèyàn ń bọ̀ pẹ̀lú ìdì aṣọ kan ṣoṣo lórí. Ẹni tó ti kọ́lé sílé ló rí ibi forí pamọ́ sí.

Kì í ṣe àwa nìkan la máa ń fi ilé yẹ́ ìlú wa sí. Ní Ítálì, láti 1459, Póòpù Pius Kejì tún abúlé tí wọ́n ti bí i kọ́ pátápátá, ó sì fi orúkọ ara ẹ̀ pè é ní Pienza. Àtúnbí ni wọ́n ń pe àkókò yẹn. (Ẹ̀yin ará mi, kì í ṣe irú àtúnbí tiwa o.) Ìlú náà ṣì wà bẹ́ẹ̀, UNESCO sì ti kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní 1996 pé ogún gbogbo ayé ni.

Tiwa ńkọ́? Ilé Àgùdà kan wà ní Tinúbú l'Ékòó, Ilojo Bar. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855, ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933. Lọ́dún 1956 ìjọba kéde pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2016, katakata wó o. Ọjọ́ Àìkú ni o, a wà nínú ìsìn lọ́wọ́. Ìkéde ọgọ́ta ọdún ò gbà á. Bẹ́ẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì CMS parí ní Àgbádárìgì ní 1845 ṣì wà lórí ìdúró títí dòní, torí pé wọ́n ń tún un ṣe.

Àwa náà ò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà kan tí a gba ilé àtijọ́ kan, a wó o láàárín ọjọ́ méjì. Ilẹ̀kùn iwájú ní iṣẹ́ ọnà lára, àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa là á, wọ́n fi dáná ìrẹsì ọjọ́ ìdúpẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọmọ ilé yẹn ti ọ̀nà jíjìn wá, ó ní òun kàn fẹ́ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn bàbá òun. A ò rí nǹkan kan fi hàn án. A gbé àga fún un, kò jókòó.

Àwọn kan ń sọ pé wọ́n ti bọ òrìṣà nínú ilé tuntun yìí rí. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n àdúrà la fi ń lé ẹ̀mí burúkú, a ò gbọ́ pé katakata lé e rí. Àwọn míì ní owó àtúnṣe á pọ̀. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ gidi, a ò ní jiyàn. Bíríkìlà àgbàlagbà kan bá wa wò ó. Ó ní amọ̀ inú ògiri ṣì le. Páànù tó jò ló ń jẹ́ kí omi wọlé, símẹ́ǹtì tí wọ́n wá fi rẹ́ ẹ lára kì í jẹ́ kí omi náà jáde, ni ògiri bá ń jẹrà láti inú. Ó ní ká kọ́kọ́ tún òrùlé ṣe, ká ha símẹ́ǹtì ọ̀hún kúrò, ká fi amọ̀ àti iyanrìn rẹ́ ẹ. Ẹ̀yìnkùlé fẹ̀, gbọ̀ngàn á gbà níbẹ̀. Yàrá ìsàlẹ̀ á sì tó kíláàsì mẹ́rin fún àwọn ọmọdé.

Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìgbìmọ̀ àti ìdílé náà á pàdé níwájú ilé ọ̀hún. Ẹ̀yin ọmọ Ìbà, Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù, ẹni tó bá mọ gbẹ́nàgbẹ́nà tó ṣì lè ṣe fèrèsé onípákó àtijọ́, kó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wa nínú inbox kí Sátidé tó dé.