Èèwọ̀ Ẹsẹ̀, Èèwọ̀ Ìgúnpá

"Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn." Àwọn àgbà a máa fi òwe yìí kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fi àṣà ilé tirẹ̀ dá ìlú mìíràn lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan tún wà nínú rẹ̀ tí etí kì í tètè gbọ́: ilé tó bá ka nǹkan léèwọ̀, ìdí wà tó fi kà á. Wọ́n ní kí ọmọdé má jókòó lórí odó. Oúnjẹ gbogbo ilé là ń gún nínú odó; ìmọ́tótó ni èèwọ̀ náà ń ṣọ́. Bí ìdí bá dúró, èèwọ̀ a dúró. Bí ìdí bá yẹ̀, ẹjọ́ a bẹ̀rẹ̀.

Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe softball obìnrin, eré tó jọ baseball, ní Amẹ́ríkà fi ọ̀pọ̀ ọdún rò lórí ẹsẹ̀ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù.

Ẹ wo ọmọdébìnrin kan ní Ilé-Ogbó, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire, lásìkò máńgòrò, tó fẹ́ fi òkò já èyí tó pọ́n lókè. Yóò sún sẹ́yìn, yóò ká apá sí ẹ̀yìn etí, yóò fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti ilẹ̀, ara rẹ̀ yóò sì gbéra díẹ̀ kí òkò tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Bó bá gbé irú ìjùkò yìí dé pápá baseball, wọn yóò kí i kú iṣẹ́. Bó bá gbé e dé pápá kíríkẹ́ẹ̀tì, rẹfirí yóò na apá gbọọrọ, yóò ní bọ́ọ̀lù yẹn lòdì sófin, torí ìgúnpá tó ká tó sì tún nà. Ní softball ńkọ́? Bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù sí alátakò kò gbọdọ̀ ti òkè jáde rárá. Ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí, ni bọ́ọ̀lù ti gbọ́dọ̀ jáde. Ìjùkò kan náà, ilé mẹ́ta, ìdájọ́ mẹ́ta.

Chicago ni wọ́n ti dá softball sílẹ̀ lọ́dún 1887. Àwọn obìnrin gbé e dé Òlíńpíìkì ní Atlanta lọ́dún 1996. Ẹni tó ń jù a máa dúró lórí rọ́bà pẹlẹbẹ kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 43, ìyẹn mítà 13 ó lé díẹ̀, sí alátakò tó di igi mú. Yóò yí apá po lẹ́ẹ̀kan bíríbírí, yóò sì ta ara rẹ̀ síwájú. Òfin àtijọ́ ní kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn máa wọ́ nílẹ̀ títí bọ́ọ̀lù yóò fi kúrò lọ́wọ́. Bó bá gbéra, bó ti wù kó kéré tó, ó di ẹ̀ṣẹ̀, alátakò ló sì ń jèrè rẹ̀. Nígbà kan rí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà lórí bèèsì pàápàá a sún síwájú lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn tó gbè sẹ́yìn òfin náà ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu. Mítà 13 kò jìnnà. Ẹni tó bá fò síwájú ti bù nínú àyè tí alátakò ní láti fi rí bọ́ọ̀lù. Àwọn tó takò ó náà ní ká wo ilẹ̀. Bí eré bá ti ń lọ, ẹsẹ̀ a máa gbẹ́ iwájú rọ́bà di kòtò. Ẹsẹ̀ tó bá sì gba orí kòtò kọjá lè má kan ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kò fò. Rẹfirí wá ń fi ojú lásán wá àtàǹpàkò ẹsẹ̀ nínú eruku, láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ohun tí ẹnì kan pè lónìí, ẹlòmíràn a gbójú fò ó lọ́la.

Èyí tó dunni jù ni pé nínú softball àwọn ọkùnrin, fífò yìí kò lòdì sófin. Èèwọ̀ ibòmíràn yé èèyàn. Èèwọ̀ tó mú ọmọbìnrin tó fi ọmọkùnrin sílẹ̀ nínú agbo ilé kan náà, àlàyé rẹ̀ gbọ́dọ̀ lágbára ju pé bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a lọ.

Lọ́dún 2023, NCAA, tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i pé láti sáà 2024, ẹsẹ̀ méjèèjì lè kúrò nílẹ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama tẹ̀ lé e ní sáà 2025. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ léèwọ̀ ni kí ẹsẹ̀ tó fò tún balẹ̀, kó tún ti ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kí bọ́ọ̀lù tó jáde. Èrè gidi wà nínú ìtìlẹ̀ kejì yẹn, ojú sì lè rí i.

Kíríkẹ́ẹ̀tì ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Lọ́dún 1862, ní pápá The Oval ní London, rẹfirí John Lillywhite pe bọ́ọ̀lù Edgar Willsher ní èyí tó lòdì sófin lẹ́ẹ̀mẹfà léra wọn, torí pé apá rẹ̀ ga ju èjìká lọ. Kò pé ọdún méjì tí òfin fi gba apá láyè láti gòkè. Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì 1995, ní Melbourne, ìgúnpá Muttiah Muralitharan, ọmọ Sri Lanka, ni rẹfirí ní ó dẹ́ṣẹ̀, lẹ́ẹ̀méje. Àríyànjiyàn gba ayé kan títí àwọn onímọ̀ fi gbé kámẹ́rà wá wọn ìgúnpá. Lọ́dún 2005, ICC, àjọ tó ń darí kíríkẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, fi òdiwọ̀n lélẹ̀: ìgúnpá kò gbọdọ̀ nà ju dígírì 15 lọ. Òdiwọ̀n yìí mú ọmọ Nàìjíríà kan lọ́dún 2019, lẹ́yìn ìdíje ìpegedé ife ẹ̀yẹ àgbáyé T20 ní UAE; wọ́n ní kó má ju bọ́ọ̀lù mọ́.

Lábẹ́ òdiwọ̀n kan náà ni àwọn ọmọbìnrin wa tí kò tíì pé ogún ọdún ti ko New Zealand lójú ní Sarawak, Malaysia, ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní 2025. Nàìjíríà ní ayò 65. Ó ku bọ́ọ̀lù mẹ́fà, New Zealand sì nílò 9. Lillian Udeh gba bọ́ọ̀lù, 6 péré ni wọ́n rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, dígírì 15 náà ni.

Bí olùkọ́ kan bá wá gbé bọ́ọ̀lù softball lé ọmọ tó ń jùkò sí máńgòrò ní Ilé-Ogbó lọ́wọ́, iṣẹ́ pọ̀ níwájú rẹ̀ láti mú apá yẹn wá sísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń gbéra ní tirẹ̀, òfin tuntun yìí ti ní kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Kó kàn máa wò ó bóyá yóò tún ti ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.