Percy Kì í Ṣe Olódo

Èmi tí mo ti dì ṣọ́ọ̀kì mú láti ìgbà èwe mi, ìtàn Percy kì í sú mi í sọ. Dókítà W. Pringle Morgan ti ìlú Seaford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ́ sínú British Medical Journal ní oṣù kọkànlá ọdún 1896. Ọmọ ọdún 14 ni Percy. Ó mọ eré ṣe, ó sì sọ 749 di púpọ̀ ní ọ̀nà 867, ó gbà á kíá. Ṣùgbọ́n nígbà tó kọ orúkọ ara rẹ̀, “Precy” ló kọ, kò tètè mọ̀ pé òun ṣì í kọ. Morgan yẹ ojú rẹ̀ wò. Ó ríran dáadáa.

Èyí tó wù mí jù ni ẹ̀rí olùkọ́ rẹ̀: ká ní ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni, Percy ni ì bá gbọ́n jù níléèwé náà. (Ṣé ẹ rí i, tíṣà ti rí i kí dókítà tó dé!)

Lónìí, àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò dyslexia, ìyẹn ìṣòro ìwé kíkà irú ti Percy, máa ń ní kí ọmọ yọ ìró kan kúrò nínú ọ̀rọ̀, kó ka ọ̀rọ̀ àhúmọ̀ tí kò nítumọ̀, kó sì dárúkọ lẹ́tà kíákíá. Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ mọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ tó pè é ní olódo.