Ère Ìbejì àti Ojú Ọnà

Ìkókó kì í ní ọmú. Síbẹ̀, láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí babaláwo sì ní kí wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀, ère àgbàlagbà ni gbẹ́nàgbẹ́nà yóò gbé lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ obìnrin, ọmú rẹ̀ ti yọ. Irun rẹ̀ ga sókè ní dídì, ilà ìdílé wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ère náà kì í sábà ga ju sẹ̀ntímítà 30 lọ, àmọ́ orí nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdá kan nínú mẹ́ta. Orí tóbi nítorí ibẹ̀ ni Yorùbá gbà pé àyànmọ́ wà.

Ẹni tó bá wo irú ère bẹ́ẹ̀, tó wá ní gbẹ́nàgbẹ́nà kò mọ bí ènìyàn ṣe rí, kò tíì béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ère ṣe. Kì í ṣe àwòrán òkú ọmọ. Ibùjókòó ẹ̀mí rẹ̀ ni, kó má baà bínú, kó má sì wá mú ìkejì rẹ̀ lọ.

Kì í kúkú ṣe pé Yorùbá kò mọ bí a ti ń ṣe ère tó jọ ènìyàn gan-an. Nígbà tí Leo Frobenius ará Jámánì dé Ilé-Ifẹ̀ ní 1910, tó rí àwọn ère orí tó wà níbẹ̀, ó yà á lẹ́nu débi pé ó ní àtọmọdọ́mọ Gíríìkì ayé ọjọ́un ló ṣe wọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí. Ní 1938, wọ́n hú àwọn orí mìíràn tí wọ́n fi idẹ àti bàbà rọ jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀. Ní Ọ̀wọ̀, wọ́n máa ń ṣe àkó, ère tó ga tó ènìyàn, fún ìsìnkú kejì ẹni ńlá. Wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n á gbé e yí ìlú ká, ó sì gbọ́dọ̀ jọ olóògbé. Iṣẹ́ tí a bẹ ère ló ń sọ bí yóò ṣe jọ tó.

Ní àwọn ọdún 1960, Robert Farris Thompson, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn nílẹ̀ Yorùbá, ó ń ní kí àwọn ènìyàn sọ ère tó dára jù àti ìdí rẹ̀. Ó kó ọ̀rọ̀ wọn jọ, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1973: jíjọra, ìfarahàn, dídán, gígún, dídọ́gba, ọ̀dọ́. Jíjọra ni pé kí ère jọ ènìyàn, àmọ́ kó má jọ lágbájá jù. Ọ̀dọ́ ni pé kí ère wà ní ìgbà tí ara le, tí ojú sì ń dán. Ìdí nìyẹn tí ìkókó fi di géńdé lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà.

Rowland Abíọ́dún, tó kọ ìwé ńlá lórí ọnà àti èdè Yorùbá ní 2014, tẹnu mọ́ ojú inú àti ojú ọnà, ìyẹn òye iṣẹ́ ọnà. Ojú inú ni gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń rí ère nínú igi kí àáké tó kàn án. Mo gbà á gbọ́, pàápàá tí mo bá rántí ìpele iṣẹ́ tí Fadá Kevin Carroll kọ sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Èkìtì: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán, fínfín. Fínfín là ń yìn, torí òun ló ń fa ojú mọ́ra. Àmọ́ níbi ọnà lílé, níbi tí àáké ti ń ya orí kúrò lára ọrùn, tó ń ya apá kúrò lára ìhà, ni ère ti ń dára tàbí bàjẹ́. Bí ibẹ̀ bá wọ́, kò sí ọ̀bẹ tó lè tún un ṣe mọ́.

Ìyá ìbejì náà a tún máa bá gbẹ́nàgbẹ́nà ṣiṣẹ́ lọ. Ó ń wẹ ère, ó ń fi osùn pa á, ó ń fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu, títí imú yóò fi pẹlẹbẹ, tí ojú yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, ọmọláńgidi oníke, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè rí rà lọ́jà, ti ń gba ipò ère nílé àwọn mìíràn. Àwọn kan lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán. Èyí tó wà láàyè nínú ìbejì yóò jókòó, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, bíi pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ ọkùnrin ni, tó sì jẹ́ obìnrin ló kú, yóò tún wọ aṣọ obìnrin, yóò padà wá jókòó.